Ibo Ni Iṣẹ́ Ilé Iṣẹ́ Bébà Gbà Lọ?

Ẹni tó bá wọ ọjà Ìlobù tàbí ti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun lónìí kò ní rìn jìnnà kí ojú rẹ̀ tó kan bébà. Páálí ọṣẹ àti páálí bísíkíìtì ni àwọn oníṣọ́ọ̀bù tò jọ sí ẹnu ọ̀nà. Ìwé tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń kọ iṣẹ́ wọn wà lórí àtẹ. Tíṣù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìwé ìròyìn ọdún tó kọjá sì wà lọ́wọ́ alákàrà, òun ló fi ń di àkàrà fún oníbàárà. Ewé ni àwọn ìyá wa fi ń di tiwọn láyé ìjọ́un. Inú oko tí kò jìnnà sí ìlú ni wọ́n ti ń já ewé ọ̀hún, ẹni tó já a sì ń gba owó rẹ̀. Ẹni tó ṣe bébà ńkọ́? Ibo ló ń gbé, ta ni ó sì ń san owó iṣẹ́ rẹ̀?

Ìgbà kan wà tí ìdáhùn ìbéèrè yìí kò jìnnà sí wa. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìlobù jáde sí Ògbómọ̀ṣọ́, tó ti ibẹ̀ dé Ìlọrin, tó sì tún forí lé òkè, Odò Ọya ni yóò kàn ní Jẹ́bà. Reluwé tó kọjá ní Òṣogbo, tó gba Ìkìrun àti Ọ̀fà lọ, ibẹ̀ náà ni ojú irin rẹ̀ gbà. Ìlú etí odò yìí ni Nigerian Paper Mill wà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1969. Bébà líle aláwọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, irú èyí tí a fi ń ṣe páálí àti àpò. Ní 1986, ìjọba àpapọ̀ ṣí èkejì ní Oku-Iboku, ní ibi tí a mọ̀ sí Ìpínlẹ̀ Akwa Ibom lónìí. Bébà ìwé ìròyìn ni tirẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ti Ìwópin, létí ọ̀sà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí wọ́n pète pé kí ó máa ṣe bébà ìkọ̀wé àti ti ìwé kíkà. Tọ́ọ̀nù 65,000 lọ́dún ni agbára ti Jẹ́bà, ti Oku-Iboku jẹ́ 100,000, ti Ìwópin jẹ́ 60,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù 225,000. Kí òǹkàwé jọ̀wọ́ fi iye yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà sí i.

Kí igi tó dé ilé iṣẹ́ rárá ni iṣẹ́ bébà ti ń bẹ̀rẹ̀. Igi gmelina, tí àwọn onípákó ń pè ní mẹlíná, ni wọ́n gbìn fún un, nítorí pé ó máa ń tètè dàgbà. Igbó ọba Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní J4, àti igbó ọba Olúwa ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, wà lára ibi tí wọ́n gbìn ín sí jù. Owó tí wọ́n yá lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé sì wà nínú iṣẹ́ náà. Àwọn kan ń tọ́jú ọmọ igi, àwọn kan ń ro abẹ́ rẹ̀, àwọn kan ń fi ayùn gé e, àwọn kan ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kó o. Bí ó bá dé ilé iṣẹ́, ẹ̀rọ á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á fi oògùn sè é nínú ìkòkò irin ńlá títí ohun tó lẹ igi pọ̀ yóò fi yọ́, tí yóò ku fọ́nrán inú igi nìkan, tó rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Wọ́n á fọ̀ ọ́ ní àfọ̀túnfọ̀, ìdí sì nìyí tí ilé iṣẹ́ bébà ńlá fi máa ń wà létí omi. Lẹ́yìn náà, wọ́n á da ẹ̀kọ yìí sórí asẹ́ gbọọrọ kan tó ń sáré. Omi á máa jò lábẹ́ rẹ̀, fọ́nrán á máa so mọ́ra lókè. Wọ́n á fún un, wọ́n á yan án gbẹ lára irin gbígbóná, wọ́n á sì ká a bí ẹní.

Iye àwọn tó ń gba owó oṣù nínú ọgbà ilé iṣẹ́ kò fi bí iṣẹ́ náà ṣe tóbi tó hàn. Olóúnjẹ tó ń gbé abọ́ fún òṣìṣẹ́, onílé tó gba ayálégbé, awakọ̀ tó ń kó igi wọlé tó sì ń kó bébà jáde, atẹ̀wé ní Òṣogbo àti Ìbàdàn, ẹni tó ń gé páálí tó sì ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ní Ìkẹjà: gbogbo wọn ló ń jẹun lára igi kan náà.

Kí ló wá dé? Fọ́nrán inú gmelina kúrú. Bébà tí a bá fi òun nìkan ṣe kì í lágbára tó, pàápàá bébà ìwé ìròyìn tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń fà tagbáratagbára. Wọ́n ní láti fi fọ́nrán gígùn pò ó, èyí tó máa ń wá láti ara igi páìnì ilẹ̀ olótùútù. Òkè òkun ni wọ́n ti ń rà á. Oògùn tí wọ́n fi ń se igi, òkè òkun. Asẹ́ ẹ̀rọ àti aṣọ tí ń fún omi inú bébà, òkè òkun. Ní 1985, owó náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ. Ọdún 1986 tí wọ́n ṣí Oku-Iboku náà ni ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo ayé mọ̀ sí SAP bẹ̀rẹ̀, nígbà tí yóò sì fi di 1993, náírà 22 ni ìjọba gan-an ń pààrọ̀ fún dọ́là kan. Ilé iṣẹ́ tó ń fi náírà tajà, tó sì ń fi dọ́là ra èròjà, báwo ni yóò ṣe dúró? Kí á tún fi àìsí iná mànàmáná kún un. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu jù nípa ti Jẹ́bà ni pé ibùdó iná mànàmáná ńlá wà ní ìlú kan náà, lórí odò kan náà. Ní ti Ìwópin, wọn kò tilẹ̀ kọ́ ọ parí bí wọ́n ṣe ya àwòrán rẹ̀.

Lẹ́yìn 1999, ìjọba àpapọ̀ kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú àwọn ilé iṣẹ́ tí yóò tà fún aládàáni. Gmelina tó gbó sínú igbó di pákó ìkọ́lé. Bébà tí àwọn oníwèé ìròyìn wa fi ń tẹ̀wé, ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e wá. Ní 2007, ìwé ìdìbò ààrẹ orílẹ̀-èdè yìí pàápàá, Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ìgbà tí ìdìbò ku ọ̀la ni wọ́n sì tó gbé e dé.

Láti ìgbà pípẹ́ ni bébà ti ń ti ọ̀nà jíjìn wá bá Yorùbá. Àwọn àgbà kan ṣì ń pè é ní tákàdá, orúkọ tó gba ọ̀dọ̀ Hausa wọlé láyé tí àwọn oníṣòwò àti àwọn aáfà ń kó o wá láti òkè. Orúkọ bébà ní tirẹ̀ gba ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti etí òkun. Nínú orúkọ méjèèjì, kò sí èyí tí a bí nílé.

Bí a bá ń dárò Jẹ́bà, àwọn kan máa ń dá wa lóhùn pé ibi gbogbo láyé ni iṣẹ́ bébà ti ń kú, pé kò yẹ kí á máa sunkún ohun tó ti kọjá. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí á yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Ìjà láàrin bébà àti òṣìṣẹ́ kì í ṣe ti òní. Ní ayé àtijọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe bébà ní ilẹ̀ Yúróòpù, ewé kan lẹ́ẹ̀kan: ọ̀kan á ri asẹ́ bọ inú omi fọ́nrán, èkejì á dà á lé aṣọ, ẹ̀kẹta á máa tú u tò. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n ọwọ́ ni, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì mọ iye tí wọ́n tó. Ọmọ Faransé kan, Louis-Nicolas Robert, tó wà nídìí àbójútó òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bébà kan ní Essonnes, rí wàhálà àwọn òṣìṣẹ́ náà títí ó fi sú u, ó sì ro ẹ̀rọ kan tí yóò máa ṣe bébà láìdáwọ́ dúró. Ní 1799, ìjọba Faransé fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló wá fi owó kọ́ ẹ̀rọ náà dé ojú ìwọ̀n. Ní oṣù kọkànlá 1830, àwọn òṣìṣẹ́ agbègbè High Wycombe dìde, wọ́n sì fi òòlù fọ́ ẹ̀rọ bébà káàkiri, nítorí wọ́n rí i pé ẹ̀rọ náà ń gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. Wọ́n mú púpọ̀ nínú wọn, ẹ̀rọ kò sì padà sẹ́yìn.

Láti ìgbà náà wá, ẹ̀rọ bébà ń fẹ̀ sí i, ó sì ń yára sí i. Ẹ̀rọ bébà ìwé ìròyìn tòde òní lè fẹ̀ tó mítà mẹ́wàá, kí bébà sì máa sáré jáde lára rẹ̀ bí ọkọ̀ tó ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan. Bébà tí yóò gùn láti Òṣogbo dé Ìlobù, kò ní gba ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwọn tó dúró tì í kò pọ̀. Inú yàrá kan tó tutù ni ọ̀pọ̀ wọn ń jókòó sí, tí wọ́n ń wo kọ̀ǹpútà.

Lẹ́yìn ẹ̀rọ ni íntánẹ́ẹ̀tì dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí láìfọwọ́ kan bébà, ẹ náà lọ́wọ́ sí i díẹ̀. Orílẹ̀-èdè Fínláǹdì, tí igbó bo púpọ̀ nínú ilẹ̀ rẹ̀, ti fi bébà jẹun fún ohun tó ju 100 ọdún lọ. Ní ìparí 2020, ilé iṣẹ́ UPM ti ilé bébà rẹ̀ ní Kaipola pa. Nǹkan bí 450 òṣìṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà kàn, ibẹ̀ sì ni ibi tó kẹ́yìn tí wọ́n ti ń ṣe bébà ìwé ìròyìn ní gbogbo Fínláǹdì. Ní 2021, Stora Enso ti ti Veitsiluoto pa ní ìlú Kemi, nǹkan bí 670 ènìyàn. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bébà àti ohun tí a fi bébà ṣe lé ní 600,000 ní 2000. Nígbà tó di 2010, wọn kò tó 400,000 mọ́. Ní 2023, ilé iṣẹ́ bébà tó wà ní ìlú kékeré Canton, ní North Carolina, láti 1908 kógbá sílé, nǹkan bí 1,100 òṣìṣẹ́ sì padà sílé. Gbogbo ìlú náà ni ilé iṣẹ́ yẹn ń bọ́. Ó tilẹ̀ ń bá wọn tọ́jú omi ẹ̀gbin ìlú.

Ìyàtọ̀ tó wà láàrin tiwọn àti tiwa ni mo fẹ́ kí á rí. Ní Amẹ́ríkà, iye bébà tí wọ́n ń ṣe dínkù, ṣùgbọ́n iye òṣìṣẹ́ dínkù jù ú lọ, nítorí pé ẹ̀rọ ń ṣe iṣẹ́ ẹni púpọ̀. Bébà ìkọ̀wé àti ti ìwé ìròyìn ló rọ̀. Páálí àti tíṣù kò rọ̀, nítorí pé ẹni tó bá ra bàtà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, inú páálí ni yóò ti yọ ọ́. Ẹni tó bá pàdánù iṣẹ́ ní Fínláǹdì sì ní owó ìrànwọ́ ìjọba láti fi dúró. Ní tiwa, oníbàárà ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, iléèwé ń pọ̀ sí i, ọjà ń kún fún páálí, síbẹ̀ ilé iṣẹ́ ni ó dúró. Ẹ̀rọ ló lé wọn kúrò níbẹ̀. Níhìn-ín, ẹ̀rọ tó dákẹ́ ló lé wa. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ méjèèjì wé ara wọn láìṣàlàyé ń fi irọ́ tu wá nínú.

Ẹ jẹ́ kí á wo àwọn tí iṣẹ́ náà lọ bá. Láti 2009 ni orílẹ̀-èdè Ṣáínà ti ń ṣe bébà ju gbogbo ayé lọ, ó gba ipò náà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Ó sì ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé iṣẹ́ kéékèèké tó ń fi koríko ṣe bébà pa nítorí ẹ̀gbin tí wọ́n ń dà sódò, iṣẹ́ àwọn tó wà níbẹ̀ sì bá a lọ. Ní Bràsíl, igi yukalíptọ́ọ̀sì ń tó gé ní nǹkan bí ọdún méje, nígbà tí igi Fínláǹdì lè gbà tó 60 ọdún. Ní oṣù keje 2024, ilé iṣẹ́ Suzano ṣí ibi ìsegi tuntun kan sí Ribas do Rio Pardo, tí agbára rẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù 2,550,000 lọ́dún. Ẹ rántí 225,000 tiwa: ti Bràsíl yìí nìkan fi ìlọ́po mọ́kànlá jù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wa lọ. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ lọ́wọ́, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lé ní 10,000. Nígbà tí wọ́n kọ́ ọ tán, iṣẹ́ tó dúró níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 3,000, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú igbó sì wà nínú iye náà.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ọ̀dọ́ Ìlobù tó ń wá iṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí àwọn olóṣèlú ti ń sọ pé àwọn yóò jí ilé iṣẹ́ bébà dìde. Bí wọ́n bá jí i lóòótọ́, tí wọ́n sì ra ẹ̀rọ tòde òní, ẹ̀rọ tí ènìyàn díẹ̀ ń tọ́jú ni yóò jẹ́. Ẹni tó bá ń retí pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn yóò tún máa wọ ẹnu ọ̀nà Jẹ́bà ní òwúrọ̀, ó ń retí ayé tó ti lọ. Èrò tèmi ni pé ó yẹ kí wọ́n jí i, ṣùgbọ́n kí á mọ ibi tí iṣẹ́ yóò ti jáde.

Íńdíà lè kọ́ wa ní nǹkan kan. Igi kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ènìyàn ló pọ̀. Ohun tó ju ìdajì bébà wọn lọ, àlòkù bébà àti páálí ni wọ́n ń lọ̀ ṣe é; wọ́n ń lo pàǹtí ìrèké àti pòròpórò ọkà pẹ̀lú. Ilé iṣẹ́ wọn pọ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kò tóbi, àwọn tó ń ṣa àlòkù bébà kiri ìlú fún wọn sì pọ̀ ju àwọn tó dúró tì ẹ̀rọ lọ. (Báṣítà, níbi tí wọ́n ti gbin ìrèké fún ṣúgà láti àwọn ọdún 1960, kò jìnnà sí Jẹ́bà.) Ní Kẹ́ńyà, ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Webuye jọ tiwa gan-an. Pan African Paper Mills ló gbé ìlú náà ró láti àwọn ọdún 1970. Nígbà tó ti ilẹ̀kùn ní 2009, ilé àyágbé ṣófo, ọjà dákẹ́. Aládàáni kan rà á ní 2016, iṣẹ́ sì tún bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò gba iye òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Odò Nzoia tó ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti jìyà omi ẹ̀gbin rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ gbé ibi ìsegi wá sí ìtòsí Erinlẹ̀ wa, kí á kọ́kọ́ bi í léèrè ibi tí yóò da omi oògùn rẹ̀ sí.

Èyí tó súnmọ́ wa jù ni páálí. Ilé iṣẹ́ bébà kéékèèké tó ṣẹ́kù ní Nàìjíríà, tó ń ṣe tíṣù àti bébà páálí, àlòkù bébà wà lára ohun tí wọ́n ń fi ojoojúmọ́ wá. Ní Ìlobù, Ìfọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni à ń dáná sun tàbí tí òjò ń wọ́ sínú gọ́tà. Páálí tó gbẹ, tí a tẹ́ pẹlẹbẹ, tí a dì, ló ní owó lórí. Èyí tó rin tàbí tí epo ti kàn, wọn kì í fẹ́ gbà á. Iṣẹ́ náà kò fẹ́ ìwé ẹ̀rí. Ohun tó fẹ́ ni àká tí òjò kò ní wọ̀, ìwọ̀n tí kò parọ́, àti ọkọ̀ tí yóò kó o nígbà tó bá pọ̀ tó láti san owó epo. Ẹni kan kò lè dá a ṣe; ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè ṣe é.

Ṣùgbọ́n a kò lè máa lọ páálí títí láé. Bí wọ́n bá ti tún fọ́nrán lò tó ìgbà márùn-ún sí méje, yóò ti kúrú jù, dandan sì ni kí igi tuntun wọlé. Nígbà tí wọ́n ń gbin gmelina níjọ́sí, wọ́n gba àwọn àgbẹ̀ láàyè ní ọ̀pọ̀ ibi láti gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ sáàárín ọmọ igi fún ọdún kan sí méjì, títí igi yóò fi ga tó láti bo ilẹ̀. Àgbẹ̀ ń ro oko rẹ̀, ó sì ń bá igi ro tirẹ̀ pọ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹni tó gbin igi kò mọ ẹni tí yóò rà á nígbà tó bá gbó. Ní Bràsíl, kí àgbẹ̀ tó gbẹ́ kòtò àkọ́kọ́ ni ilé iṣẹ́ ti ń bá a fọwọ́ sí ìwé àdéhùn: wọ́n á fún un ní ọmọ igi, wọ́n á rán ẹni tó mọ iṣẹ́ sí i, wọ́n á sì ti jọ sọ bí wọn yóò ṣe ṣírò owó igi náà ní ọdún keje.